Ọkọ̀ Tí Kì í Gbóná Àfi ní Okaka

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, àfáà dìde níwájú ilé wa ní Ṣakí. Wọ́n ní bí a bá ń wá ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò yà kúrò lójú òtítọ́ títí ó fi dágbére fáyé, ká má wá a lọ jìnnà, ẹni tí a ń ṣàdúrà fún yìí ni. Gbogbo èrò ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, mo tún sunkún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tún àdúrà yẹn ṣe lónìí, n óò kàn dákẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Àmọ́ ẹnu mi ni Bàbá Àgbà fi purọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tí wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ purọ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹnu kan náà sọ tirẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń ṣe mí bíi kí n yọ “wọ́n” kúrò, kí n máa pè wọ́n ní “ó” bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Ẹnu mi kọ̀. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ló kọ́ mi bí a ṣe ń pe àgbà, ẹ̀kọ́ náà sì ti wọra.

Bàbá Àgbà ń dáko, iṣu àti àgbàdo, àmọ́ iṣẹ́ awakọ̀ ni gbogbo ìgboro Ṣakí fi mọ̀ wọ́n. Bàbá Alábẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ tí wọ́n fún ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ gígùn kan tó ní àwọ̀ ewé, tó ń kó èrò láti Ṣakí lọ sí Ìséyìn. Láàárọ̀, wọ́n á nu Àbẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò tíì jẹun. Wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á yíjú pa dà, wọ́n á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá fohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe ìyàwó yín nílé?”

Àwọn aládùúgbò fẹ́ràn wọn. Bí èèyàn méjì bá ń fa ààlà oko mọ́ra wọn lọ́wọ́, Bàbá Àgbà ni wọ́n máa ń pè láti wá sọ ibi tí igi ààlà wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á gbọ́ ti apá méjèèjì, wọn kò ní tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá máa sọ̀rọ̀, òwe kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pa á bí ẹni pé àwọn gan-an ló ṣẹ̀dá rẹ̀: “Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.”

Èmi ni ọmọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù, n kò fi ìyẹn yangàn, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìséyìn ni mo ti kàwé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Bí a bá gba ìsinmi tàbí tí a bá fẹ́ wọlé, Bàbá Àgbà ló máa ń gbé mi, iwájú lọ́dọ̀ wọn ni mo sì máa ń jókòó. Wọ́n fún mi níṣẹ́ kan. Gééjì kékeré kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù Àbẹ̀kẹ́ tó ní abẹ́rẹ́ funfun. Wọ́n kọ́ mi pé bí abẹ́rẹ́ bá wà lápá òsì, ara ẹ́ńjìnnì tutù, bó bá wà láàárín, ara rẹ̀ dá, bó bá wá lọ kan ìlà pupa tó wà lápá ọ̀tún, ó ti gbóná nìyẹn, bí a kò bá dúró, yóò jó. Wọ́n ní àwọn ní láti máa wo ọ̀nà, nítorí náà, kí n bá àwọn máa wo abẹ́rẹ́. “Abẹ́rẹ́ yìí kò mọ irọ́ í pa,” ni wọ́n wí.

Bí a bá ti ń sún mọ́ Okaka, Bàbá Àgbà á fi ọwọ́ òsì ra orúnkún. Orúnkún òsì yẹn máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní làkúrègbé ni. Kò ní pẹ́ tí wọ́n bá rà á tán tí abẹ́rẹ́ á fò lọ sí ọ̀tún. Èmi ni n óò kígbe pé, “Bàbá, ó ti dé pupa o.” Wọ́n á ní ojú mi mà dáa o, wọ́n á yà kúrò ní títì, wọ́n á dúró sábẹ́ igi òrí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Èrò á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan á kírun, àwọn kan á na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ kì í kọjá Okaka láìsinmi.

Bàbá Àgbà á wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi jáde nínú búùtù. Wọ́n á ní omi náà ti gbóná jù, pé ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ń gbóná kò gbọdọ̀ mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, pé àwọn fẹ́ lọ fi pààrọ̀ omi tútù nínú ìlú. Wọ́n á ní kí n má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ o, pé ó máa ń ru bo èèyàn lójú. Wọ́n á sì gba ẹ̀yìn àwọn ilé lọ. Bí wọ́n bá pẹ́ títí, wọ́n á pa dà wá pẹ̀lú wàrà nínú ewé fún mi, omi tí wọ́n á sì dà sí rédíétọ̀ kì í ju ìwọ̀n ife kan lọ. Kẹ́ẹ̀gì tó kún nígbà tí wọ́n gbé e lọ máa ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e bọ̀. Mo rí i, n kò rò ó. Wàrà ni mo ń jẹ.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀gbẹlẹ̀ Òkè-Ògùn lè má mọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì omi kan túmọ̀ sí. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ tán, kànga ilé wa á gbẹ, ti aládùúgbò á gbẹ tẹ̀ lé e. Màmá á jí ní ìdájí, wọ́n á lọ sí odò tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n á fi ọwọ́ wa iyanrìn títí omi á fi sun, wọ́n á máa fi igbá bù ú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé, wọ́n á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí má baà dí rédíétọ̀. Àwa ọmọ ilé á fi àbọ̀ garawa wẹ̀. Màmá á fi aṣọ tútù nu ara. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì Àbẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kún, omi Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn Màmá tẹ̀ lórí omi yẹn. Ìyá mi bá wọn wí títí, èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: “Ohun tó ń gbé ọkọ mi lọ tó ń gbé e bọ̀, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́.”

Nǹkan kan tún wà tí mo ní láti sọ nípa ọkọ̀ yẹn. Kí Bàbá Àgbà tó ní Àbẹ̀kẹ́, Màmá ní àwọn màlúù tí Fúlàní kan ń bá wọn dà lọ́nà Ìgbòho. Màmá ta gbogbo màlúù náà nítorí kí ọkọ wọn lè ní ọkọ̀. Màmá kò ní kí wọ́n san án pa dà. Ohun kan ni wọ́n béèrè, Bàbá Àgbà fúnra wọn ló sì máa ń sọ ọ́ fún àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín, láti fi yin ìyàwó wọn. Màmá fi orúkọ ìyá mi pè wọ́n, wọ́n ní, “Bàbá Ròfíà, ẹ̀sìn wa gba kí ẹ fẹ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní jà. Ẹ ṣáà wí fún mi. Èyí tí ẹ bá fi pa mọ́ fún mi nìkan ni n kò ní lè fi jì yín.”

Nítorí náà, bí a bá pẹ́ kí á tó dé, Màmá á wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní kí ló dé, ṣé kò sí o. Bàbá Àgbà kò ní dá wọn lóhùn. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á tì mí síwájú díẹ̀, wọ́n á ní, “Àṣàbí, sọ ohun tí ojú rẹ rí.”

N óò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. N óò ní abẹ́rẹ́ dé ìlà pupa ní Okaka, Màmá, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i. Ojú Màmá á rọ̀. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé wa dé, wọ́n á pọ́n mi lé pé ọmọ tí kì í purọ́ ni mí, wọ́n á sì pe ọkọ wọn jókòó kí wọ́n bá wọn fi òrí ra orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo rántí ọwọ́ Màmá lórí orúnkún yẹn dáadáa. Bí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, inú á kàn máa bí mi ni.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo béèrè ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. A kó iṣu lọ sí Adó-Àwáyè lọ́sàn-án ganrínganrín, ẹrù náà pọ̀ débi pé ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, a gun òkè títí, abẹ́rẹ́ kò kúrò láàárín. Mo wá ní, Bàbá, Okaka tó tẹ́jú pẹrẹsẹ yẹn ló ti máa ń gbóná, kí ló dé tí kò gbóná níbi òkè yìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọkọ̀ bí èèyàn ni. Ó mọ ibi tó ti ń rẹ òun.”

Wọn kì í jà, àfi ìgbà kan. Ọ̀gá Múfú, mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Ṣakí, ni wọ́n bá jà. Ohun tí mo gbọ́ nígbà náà ni pé Múfú fẹ́ ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Wọ́n pariwo lé e lórí lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kò mọ iṣẹ́, láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé Múfú kò ṣe nǹkan kan fún ọkọ̀ náà. Ohun tí Màmá sọ nìkan ni pé, “Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ṣe ń dùn wọ́n tó.”

Nígbà tí Bàbá Àgbà lọ, a gbọ́ pé wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé èmi ni kí wọ́n fún ní Àbẹ̀kẹ́, nítorí pé, “Àṣàbí ló mọ àìsàn rẹ̀.” Mo sunkún lórí gbólóhùn yẹn ju bí mo ṣe sun ún lórí òkú wọn lọ. Ilé ìránṣọ ni mo ní ní Ìséyìn, mo sì ń fẹ́ ọkọ̀ tí n óò máa fi lọ wo Màmá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó fò sí pupa, ó já wálẹ̀, ó tún fò. Kì í tún ṣe ní Okaka nìkan mọ́, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun ni.

Mẹkáníìkì kan ní Ìséyìn ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣe: ó yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, irin kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó ní ọkọ̀ ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Ó tún so fáànù pé kó máa yí láìdúró. Abẹ́rẹ́ ṣì ń jó. Nígbà tó sú mi, mo gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ bá Ọ̀gá Múfú ní Ṣakí, mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n nítorí ìjà àtijọ́.

Ọ̀gá Múfú kò fi ìjà náà ṣe nǹkan. Wọ́n wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó kún. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí, wọ́n fọwọ́ kan rọ́bà omi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní, “Àǹtí, ooru kì í fò. Gígùn ló máa ń gùn bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá fò báyìí, wáyà ni.” Wọ́n wá tú wáyà gééjì kúrò lára ẹ́ńjìnnì pátápátá, wọ́n ní kí n wa ọkọ̀ lórí kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá sí wáyà lára ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ sùn jẹ́jẹ́ ni. Ó fò. A jẹ́ pé ibòmíràn ni wáyà yẹn ti ń kan irin.

Wọ́n tọ wáyà náà láti iwájú wá sínú ọkọ̀. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀ka kan yà kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi téèpù dúdú wé e dáadáa, iṣẹ́ ẹni tó fara balẹ̀. Téèpù náà ti gbó, wáyà ti ń yọjú, ohun tó ń kan irin nìyẹn bí ọ̀nà bá gbọ̀n wá. Ọ̀gá Múfú tẹ̀ lé ẹ̀ka náà lọ sí apá òsì, wọ́n wá nàka sí ibi tó parí sí. Súwíìṣì kékeré kan ni, ó fara pamọ́ sókè ibi tí orúnkún òsì awakọ̀ máa ń wà. Wọ́n ní, “Mo sọ fún Bàbá nígbà yẹn pé kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, pé kí wọ́n jẹ́ kí n tọ wáyà náà wò. Ìyẹn ló dìjà.”

Mo jókòó sí àyè Bàbá Àgbà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, Múfú sì dá wáyà pa dà fún mi. Mo fi ọwọ́ òsì kan orúnkún mi, mo sún un sókè díẹ̀, mo tẹ súwíìṣì. Ẹ́ńjìnnì ti sinmi, ó ti tutù bí omi àmù. Abẹ́rẹ́ fò lọ sí pupa. Mo tẹ̀ ẹ́ pa dà, ó wálẹ̀. N kò mọ iye ìgbà tí mo ṣe é. Ohùn ọmọdé kan ni mo ń gbọ́ létí mi pé, Bàbá, ó ti dé pupa o.

Bí a ṣe dí wáyà náà tán, mo wakọ̀ lọ sí Okaka. Mo dúró sábẹ́ igi òrí, mo gba ẹ̀yìn ilé, ọ̀nà tí mo máa ń rí wọn gbà. N kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, iwájú orí rẹ̀ jẹ́ iwájú orí ìyá mi gẹ́lẹ́. Ó ti gbọ́ ìró Àbẹ̀kẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e dání. Ó ní ìyá òun wà nínú ilé, wọn kì í jáde. Mo wọlé, mo bá ìyá àgbàlagbà kan lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Aṣọ opó ló wà lára wọn. Mo fi opó kan sílẹ̀ ní Ṣakí, mo wá bá òmíràn ní Okaka.

Ìyá Kúbúrà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò sá fún mi, wọn kò sì bẹ̀ mí, nítorí wọn kò mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀ mí lé lórí. Wọ́n ní, “Ìwọ ni Àṣàbí tí mo máa ń fi wàrà rán Bàbá sí. Jókòó, ọmọ mi.” Àfáà ló so yìgì wọn, kò sí ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Bàbá Àgbà sọ fún wọn pé Ìyá Ròfíà mọ̀, pé ó fara mọ́ ọn, pé ẹbí tó kù ni kò tíì gbà, kí wọ́n ṣe sùúrù kí wọ́n má tíì wá sí Ṣakí. Wọ́n ṣe sùúrù títí ọkọ fi kú, awakọ̀ kan tó ń kọjá ló sọ fún wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Bá mi kí Ìyá Ròfíà o. Kànga ìhín máa ń gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Omi tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí èmi àti ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Kò sí orogún tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá jẹ́ iṣẹ́ náà?” Mo ní n óò jẹ́ ẹ.

Bí mo ṣe ń pa dà lọ sí Ṣakí, Bàbá Àgbà ni mo ń bá jà lọ́kàn. Mo lè dárí ji ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì. Èmi ọmọ tí wọ́n tì síwájú bí ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ta ni wọ́n fi mí pè? N kò mọ ìdí tí wọ́n fi fún mi ní ọkọ̀ náà láì yọ súwíìṣì yẹn. Bóyá wọ́n gbàgbé. Bóyá wọ́n fẹ́ kí n rí i, kí ó lè jẹ́ èmi ni n óò sọ ọ́, kí àwọn má baà sọ ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àjẹ́kẹ́yìn tí wọ́n rán ẹnu mi nìyẹn, inú mi kò dùn sí i.

Màmá jókòó nínú yàrá nínú aṣọ opó wọn. Wọn kò lè lọ sódò mọ́, àmọ́ wọ́n ti bu omi nínú àgbá ilé kún kẹ́ẹ̀gì, aṣọ funfun tí wọ́n fi sẹ́ ẹ ṣì tutù lórí àpótí. Wọ́n ní omi Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn o, kí n má gbàgbé rẹ̀ bí mo bá ń pa dà sí Ìséyìn. Wọ́n wá béèrè pé, “Kí ni Múfú sọ? Kí ló ń mú un gbóná?”

Ó rọrùn láti sọ pé tẹmọ́sítáàtì ni. Màmá ì bá gbà á, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́, èmi ọmọ tí kì í purọ́. Bóyá wọn kì bá tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí ayé.

Mo ní, “Kò gbóná rí, Màmá.” Mo sọ ti súwíìṣì. Mo sọ ti orúnkún.

Màmá wo ọwọ́ wọn méjèèjì, ọwọ́ tí wọ́n fi ń fi òrí ra orúnkún yẹn. Wọ́n wá yíjú sí kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́bàá ògiri.

“Ta ló wá ń mu omi mi?”

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Wọ́n ní kí n kí yín, Màmá. Wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún yín.”